Àwọn Àgbẹ̀ Àjàrà Ìlú Maraussan

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún)

  

Nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá bá yín sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n sọ nípa òtítọ́ ọmọ ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ yìí. Ní àsìkò òwò tí ó kọjá, àwọn kan nínú wa ta kòkó tí ó gbẹ dáadáa fún alágbàtà tí ó gbé owó wá bá wọn lóko. Èyí tí kò gbẹ, tí ó ti fẹ́ bu, ni wọ́n gbé wá sórí òṣùwọ̀n ẹgbẹ́. N kò wá láti bá ẹnikẹ́ni wí. Ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ ń lé kiri kò ṣe é fi ọ̀rọ̀ líle bá sọ̀rọ̀. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí olúkúlùkù sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìtàn àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Faransé ni, ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Maraussan. Àjàrà ni wọ́n ń gbìn, wáìnì ni wọ́n sì ń fi í ṣe. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wà láàárín wa tí ẹ̀sìn wọn kò gbà kí wọ́n fẹnu kan ọtí. Kí wọ́n jọ̀wọ́ má bínú sí mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí mímu ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti ọjà rẹ̀ ni.

ÌLÚ NÁÀ ÀTI ILẸ̀ RẸ̀

Maraussan wà ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní ẹkùn Hérault, lẹ́bàá odò tí wọ́n ń pè ní Orb. Kò jìnnà sí Béziers, tí í ṣe ìlú ńlá àdúgbò náà; nǹkan bíi kìlómítà 7 péré ni. Òkun Mẹditaréníà náà kò jìnnà sí wọn. Oòrùn máa ń mú níbẹ̀ púpọ̀, òjò kì í sì í pọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Irú ilẹ̀ tí àjàrà fẹ́ nìyẹn.

Láyé àtijọ́, àjàrà nìkan kọ́ ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbìn. Wọ́n ń gbin àlìkámà tí wọn yóò fi ṣe búrẹ́dì, wọ́n ní igi ólífì tí wọ́n ń fún òróró rẹ̀, wọ́n sì ń sin àgùntàn. Láàárín ọdún 1850 sí 1860 ni ọkọ̀ ojú irin dé ẹkùn wọn. Ìgbà yẹn ni ohun gbogbo yí padà. Wáìnì tí ó jẹ́ pé itòsí ni wọ́n ti ń tà á tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí a lè gbé dé Paris àti àwọn ìlú òkè àríwá, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn awakùsà pọ̀ sí. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ wáìnì tí kò wọ́n. Ni àwọn àgbẹ̀ bá fa àlìkámà tu, wọ́n gbin àjàrà kan ilẹ̀kùn ilé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí kòkó ṣe gba ilẹ̀ iṣu lọ́wọ́ àwọn baba wa, irú ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí yín. Owó wọlé. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó ń jẹun lára igi kan ṣoṣo, ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe igi náà ni yóò mọ̀ pé òun kò ní òmíràn.

KÒKÒRÒ TÍ Ó MU GBÒǸGBÒ

Nǹkan ṣe igi náà lóòótọ́. Láti nǹkan bí ọdún 1863 ni àjàrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ẹkùn Gard tí kò jìnnà sí wọn, láìmọ ohun tí ó ń pa á. Ewé á pọ́n, igi á gbẹ, ó di igi ìdáná. Ní 1868, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ń kọ́ni ní Montpellier, Jules-Émile Planchon, àti àwọn tí wọ́n jọ ń wádìí, wú gbòǹgbò àjàrà tí kò tíì kú tán, wọ́n sì rí kòkòrò wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ tí ń mu oje inú rẹ̀. Phylloxera ni wọ́n ń pe kòkòrò náà. Láti Amẹ́ríkà ni ó ti bá igi àjàrà tí wọ́n kó wá wọ ilẹ̀ wọn.

Wọ́n gbìyànjú títí. Àwọn kan fi omi bo oko wọn mọ́lẹ̀, àwọn mìíràn rọ oògùn sínú ilẹ̀. Níkẹyìn, ohun tí ó gbà wọ́n ni pé wọ́n kó gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà wá, nítorí kòkòrò náà kì í lè pa á, wọ́n sì lọ́ ẹ̀ka àjàrà tiwọn sára rẹ̀. Títí di òní, ọ̀nà yìí ni wọ́n ṣì ń gbà gbin púpọ̀ jù nínú àjàrà ilẹ̀ Faransé.

Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ṣe é. Àgbẹ̀ tí ó wú oko àtijọ́ danù, tí ó ra igi tuntun, tí ó sì dúró fún ọdún mélòó kan kí ó tó so, ó ti jẹ gbèsè. Àwọn tí wọ́n sì tún oko gbìn yan irú àjàrà tí ó máa ń so púpọ̀, bí èyí tí wọ́n ń pè ní Aramon, tí èso rẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n tí wáìnì rẹ̀ fẹ́lẹ́. Gbèsè ló jẹ́ kí wọ́n lé ọ̀pọ̀, tí wọn kò fi lé dáadáa.

OWÓ ỌJÀ WÓ LULẸ̀

Ní 1875, wáìnì tí gbogbo ilẹ̀ Faransé ṣe tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 84 hẹ́kítólítà. Hẹ́kítólítà kan jẹ́ 100 lítà. Nígbà tí kòkòrò ṣiṣẹ́ tán, àwọn ọdún kan wà láàárín 1879 sí 1890 tí kò tó mílíọ̀nù 30. Ọ̀wọ́n yìí ni àwọn oníṣòwò rí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n. Wọ́n ń kó wáìnì wá láti Spéènì, Ítálì àti Àlùjéríà. Wọ́n ń rẹ èso àjàrà gbígbẹ sínú omi, wọ́n ń da ṣúgà àti omi sí ìgẹ́ àjàrà tí a ti fún, wọ́n sì ń pe gbogbo rẹ̀ ní wáìnì.

Nígbà tí oko tuntun so, tí wáìnì tòótọ́ padà dé, ayédèrú kò kúrò lọ́jà. Ní ọdún 1900 nìkan, wọ́n ṣe èyí tí ó ju mílíọ̀nù 65 hẹ́kítólítà lọ. Owó wáìnì wó lulẹ̀ débi pé ohun tí àgbẹ̀ ń gbà kò tó ohun tí ó ná. Ní 1903, wọ́n dín owó orí ṣúgà kù, ṣúgà wá pọ̀ lọ́jà ju ti ìṣáájú lọ. Ọwọ́ àwọn aláyédèrú wá ròkè sí i.

Ta ni ó jìyà jù? Ẹni tí oko rẹ̀ kéré ni. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Èso àjàrà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí a bá ká a lónìí, a ní láti fún un kíá. Bí a bá fún un tán, a ní láti ní àgbá tí a ó rọ ọ́ sí, kí ó lè hó, kí ó sì silẹ̀. Ọlọ́lá ní àgbá ńláńlá nílé. Ó lè fi wáìnì rẹ̀ pamọ́ títí ọjà yóò fi dára. Mẹ̀kúnnù kò ní ju àgbá méjì mẹ́ta lọ, ó sì ní láti tú wọn kí ìkórè mìíràn tó dé. Àwọn alágbàtà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọn yóò dé, wọn yóò tọ́ ọ wò, wọn yóò yọ ṣùtì sí i, wọn yóò dá iye tí ó wù wọ́n. Bí àgbẹ̀ bá ní òun kò tà, wọn yóò bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀, wọ́n mọ̀ pé òun náà ni yóò tún wá wọn wá.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ MARAUSSAN ṢE

Inú ìnira yìí ni àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ìlú Maraussan wà ní òpin ọdún 1901, nígbà tí wọ́n kó ara wọn jọ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Élie Cathala ni ó ṣíwájú wọn. Wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní Vignerons Libres, èyí tí ó túmọ̀ sí Àwọn Àgbẹ̀ Àjàrà Olómìnira. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ju ilẹ̀ táṣẹ́rẹ́ lọ, àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ń ṣe lébìrà lóko olóko kí wọ́n tó lọ sí tiwọn.

Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí ọgbọ́n wà níbẹ̀. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ilé kíkọ́. Títa ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Olúkúlùkù ṣì ń ṣe wáìnì tirẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n wọ́n ń kó o pọ̀, wọ́n sì ń tà á lórúkọ ẹgbẹ́. Ta ni wọ́n ń tà á fún? Wọ́n fo alágbàtà kọjá, wọ́n kọ̀wé sí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ ní Paris, àwọn tí wọ́n jọ ń ra oúnjẹ pọ̀ kí ó má baà wọ́n jù fún wọn. Wọ́n tilẹ̀ ní ibùdó ìkẹ́rùsí ní Charenton, lẹ́yìn ìlú Paris. Òṣìṣẹ́ ń mu wáìnì tí kò lábùlà ní owó tí agbára rẹ̀ ká. Àgbẹ̀ ń gba owó tí ó ju ti alágbàtà lọ. Ẹgbẹ́ ń bá ẹgbẹ́ ṣòwò.

Nígbà tí ọjà ti dá wọn lójú ni wọ́n tó kọ́ ilé. Ní 1905, wọ́n kọ́ ilé ìfúntí kan, níbi tí wọn yóò ti máa gba èso gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, tí wọn yóò máa fún un pọ̀, tí wọn yóò sì máa rọ ọ́ sínú àgbá ńláńlá kan náà. Ilé yìí ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ní ilẹ̀ Faransé bí àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí iwájú rẹ̀ pé: Gbogbo wa fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹnì kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wa. Jean Jaurès, aṣòfin tí òkìkí rẹ̀ kàn nígbà náà láàárín àwọn òṣìṣẹ́, wá kí wọn ní ọdún 1905 yẹn, ó sì kọ̀wé nípa wọn nínú ìwé ìròyìn L'Humanité tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1904. Ohun tí ó wù ú lára wọn ni pé àgbẹ̀ tí gbogbo ayé ní kò lè fi oko rẹ̀ bá ẹlòmíràn da nǹkan pọ̀, ó ti da wáìnì rẹ̀ pọ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì ṣì jẹ́ tirẹ̀.

ỌDÚN 1907

Ìlú kan ṣoṣo kò lè tún gbogbo ọjà ṣe. Ìyà náà ṣì ń jẹ àwọn ìlú yòókù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1907, àwọn ènìyàn 87 jáde láti ìlú Argeliers, wọ́n wọ́ lọ sí Narbonne láti ké gbàjarè. Marcelin Albert, tí ó ní oko àjàrà tí ó sì ń ta kọfí àti ọtí nílé rẹ̀, ni ó ṣáájú wọn. Láti ọjọ́ ìsinmi kan dé èkejì ni èrò ń pọ̀ sí i, títí tí ó fi di ọjọ́ 9 oṣù Kẹfà ní Montpellier, tí wọ́n fojú bù ú pé èrò tí ó ju 500,000 lọ péjọ. Òfin tí yóò dá ayédèrú dúró ni wọ́n ń bèèrè.

Ìjọba Clemenceau kó ọmọ ogun ránṣẹ́. Ní Narbonne, ní ọjọ́ 19 àti 20 oṣù Kẹfà, ọmọ ogun yìnbọn, ènìyàn 6 sì kú. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ kẹtàdínlógún, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ Béziers àti agbègbè rẹ̀, gbọ́, nǹkan bí 500 nínú wọn gbé ìbọn wọn, wọ́n rìn láti Agde lóru lọ sí Béziers, wọ́n ní àwọn kò ní yìnbọn lu baba àti ìyá àwọn. Wọ́n kó wọn lọ sí Gafsa ní ilẹ̀ Tùnísíà lẹ́yìn náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, òfin jáde lòdì sí bíbu omi lu wáìnì àti lílo ṣúgà ní ìlòkulò, wọ́n sì ní kí àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa kéde iye tí ó kórè lọ́dọọdún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà ni àwọn àgbẹ̀ dá àjọ ńlá tiwọn sílẹ̀ láti máa ṣọ́ ọjà, kí ayédèrú má baà padà wọlé.

Ní ọdún 1907 yìí kan náà ni àwọn àgbẹ̀ kòkó dá Ẹgbẹ́ Àwọn Àgbẹ̀ Agége sílẹ̀ nílẹ̀ wa níhìn-ín. Wọn kò mọ ara wọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni ó ń dun àgbẹ̀ níbi gbogbo: ẹlòmíràn ni ó ń dá iye lé òógùn rẹ̀.

BÍ ILÉ ÌFÚNTÍ ẸGBẸ́ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Òfin kan tí ó jáde ní òpin 1906 ti fún ìjọba láyè láti yá irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lówó ọlọ́jọ́ pípẹ́ nípasẹ̀ báǹkì ìyáwó àgbẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí Maraussan bẹ̀rẹ̀ tàn káàkiri. Nígbà tí ó fi di 1939, ilé ìfúntí ẹgbẹ́ tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé ti lé ní 800.

Ètò wọn kò le láti yé wa. Nígbà ìkórè, ọmọ ẹgbẹ́ á kó èso rẹ̀ dé ẹnu ilé ìfúntí. Wọn á wọ̀n ọ́n, wọn á sì fi irinṣẹ́ wo bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, nítorí ṣúgà èso ni ó ń di agbára wáìnì. Wọn á kọ méjèèjì sí ìwé rẹ̀ níṣojú rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, kò sí wáìnì Lágbájá tàbí wáìnì Támẹ̀dò mọ́. Wáìnì ẹgbẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti ń tà á ni wọn yóò máa san owó díẹ̀díẹ̀, tí wọn yóò sì ṣe ìṣirò ìkẹyìn nígbà tí wọ́n bá tà á tán. Ìbò kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nípàdé, ìbáà ní ilẹ̀ púpọ̀ tàbí díẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ á tún fọwọ́ sí ìwé pé fún iye ọdún báyìí, ẹgbẹ́ ni òun yóò máa kó èso òun fún. Kì í ṣe pé kó mú èyí tí ó dára lọ síbòmíràn, kó sì gbé èyí tí ó kù wá. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Inú àgbá kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Bí ẹnì kan bá kó èso jíjẹrà wá, wáìnì gbogbo ilé ni ó bàjẹ́, àti ti ẹni tí ó ṣe òtítọ́. Bí àpò kòkó kan tí ó bu ṣe ń mú kí wọ́n ya gbogbo ẹrù ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà ti rí i rí.

OHUN TÍ Ó DÉ LẸ́YÌN NÁÀ

N kò ní fẹ́ kí ẹ rò pé ìtàn wọn kún fún ayọ̀ nìkan. Ilé ìfúntí ẹgbẹ́ gba àgbẹ̀ kékeré lọ́wọ́ alágbàtà, ṣùgbọ́n fún ọdún pípẹ́, ọ̀pọ̀ wáìnì ni púpọ̀ nínú wọn ń lé. Lẹ́yìn náà ni ìwà àwọn tí ń mu ún yí padà. Ní nǹkan bí 1960, ará Faransé kan ń mu ju 100 lítà lọ lọ́dún. Lóde òní kò tó 50. Wáìnì pọ́ọ́kú tí òṣìṣẹ́ ń mu pẹ̀lú oúnjẹ ni ó kọ́kọ́ pàdánù ọjà rẹ̀. Ìjà tún dé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1976, àwọn àgbẹ̀ àti ọlọ́pàá kọlu ara wọn ní Montredon lẹ́bàá Narbonne, àgbẹ̀ kan àti ọ̀gá ọlọ́pàá kan kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó para pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san owó fún àgbẹ̀ kí ó wú àjàrà rẹ̀ danù. Ilẹ̀ tí àjàrà wà lórí rẹ̀ ní agbègbè Languedoc ti dín kù sí nǹkan bí ìdajì ohun tí ó jẹ́ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Maraussan kò parun. Ènìyàn tí ó lé ní 4,000 ni ó ń gbé ibẹ̀ nísinsìnyí, púpọ̀ nínú wọn sì ń lọ ṣiṣẹ́ ní Béziers. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ ibẹ̀ rí i pé òun nìkan kò lè dá ẹrù náà gbé mọ́, ó sì da pọ̀ mọ́ ti àwọn ìlú tí ó yí i ká. Wọ́n wú Aramon, wọ́n gbin èyí tí wáìnì rẹ̀ dára jù, wọ́n sì ń san owó fún èso gẹ́gẹ́ bí ó ti dára sí.

OHUN TÍ Ó KAN ÀWA

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ń parí ọ̀rọ̀ mi lọ. Ohun mẹ́ta ni mo rí nínú ìtàn yìí.

Èkínní, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó kọ́ ilé. Àwa tí a ń gbèrò láti kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tuntun, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé ta ni yóò ra ohun tí a ó kó sí i.

Èkejì, alágbàtà lágbára lórí àgbẹ̀ nítorí pé àgbẹ̀ kò lè dúró. Ẹni tí ó ta kòkó rẹ̀ lóko nítorí owó ilé-ìwé kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀. Kò rí ibi dúró ni. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ kó ẹrù rẹ̀ wá, ẹgbẹ́ ní láti lè fún un ní díẹ̀ nínú owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá gbé ẹrù dé, kí ó sì máa rí ìwé ìṣirò rẹ̀ lásìkò. Ìgbìmọ̀ ni mo ń bá sọ ìyẹn, mo sì ń fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni ti ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ti ṣe tirẹ̀, kí àwa náà ṣe tiwa. Náírà díẹ̀ tí alágbàtà fi lé e lọ́dún tí kòkó wọ́n, òun náà ni yóò yọ padà lọ́wọ́ wa lọ́dún tí kòkó bá pọ̀, nígbà tí kò ní sí ẹgbẹ́ mọ́ tí a ó sá bá. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Àwọn ará Maraussan kò gbọ́ òwe yìí rí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ irú rẹ̀ sí iwájú ilé wọn, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kó èso bọ̀ lè máa rí i.

Àsìkò òwò tuntun kò ní pẹ́ dé. Òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ ń dúró dè wá. Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí tí ó gbẹ wá.